Oníwàásù Tó Kọ̀ Láti Panu Mọ́ ní Ìlú Ẹwà-Ẹ̀sìn

Ẹ sún mọ́ra, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ríbi jókòó. Ìyá Ọlọ́rẹ, ẹ bá mi gba àgbàdo lẹ́nu ewúrẹ́ yẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá ti la ẹnu, n kì í dá ọ̀rọ̀ dúró nítorí ẹran ọ̀sìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ògiri, ẹ tètè rẹ́rìn-ín tán. Èmi Ọdẹ́rìndé ọmọ Apẹfọ̀n, tí mo wọ igbó tí àwọn baba yín kò lè nàka sí kí ọwọ́ wọn má gbọ̀n, èmi ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ti erin tí mo pa lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé erin náà tóbi débi tí a fi etí rẹ̀ kan ṣe òrùlé ìsọ̀ ẹran. Ti ọkùnrin kan ni. Atúnkòkòṣe ni, Hágáì lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó sáà ti panu mọ́, kó máa lọ sílé rẹ̀, ó ní òun kò lè ṣe é.

Ẹ rántí ọdún tí a kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa tán. A kùn ún lẹ́fun, a ra agogo, a kan àga, àga àwọn olóyè sì ní tìmùtìmù. Gbogbo rẹ̀ pé, ó ku oníwàásù. Èyí tó kọ́kọ́ wá bá wa wí nípa olè jíjà, àwọn olóyè ní kó máa lọ. Èkejì kò bá ẹnikẹ́ni wí, ṣùgbọ́n ó jẹun débi tí àwa fúnra wa fi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Ni Kábíyèsí wa nígbà náà, Ọba Adérọ̀gbà, bá ránṣẹ́ pè mí.

Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, wọ́n ní ìlú kan wà lódìkejì Igbó Aláriwo, Ẹwà-Ẹ̀sìn lorúkọ rẹ̀. Àdúrà ni wọ́n fi ń jí níbẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń sùn. Lọ bá mi mú oníwàásù kan wá. Kó jẹ́ ojúlówó."

Mo ní, "Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Ṣé láàyè ni ẹ fẹ́ ẹ?"

Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, oníwàásù ni mo ní kí o mú wá. N kò rán ọ ní ẹran."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo kọrí sígbó.

N kò ní fi bí mo ṣe rìn dà yín láàmú. Ẹ sáà mọ̀ pé igi inú Igbó Aláriwo máa ń bá ara wọn jà lórí ta ló ga jù, ariwo wọn kò sì jẹ́ kí ẹyẹ kankan lè kọrin níbẹ̀. Láàárín ariwo yìí ni ìwin kan ti yọ sí mi, Kùmọ̀-Orí lorúkọ rẹ̀. Kò mú idà, kò mú ọ̀kọ̀. Orí ara rẹ̀ ló ń yọ kúrò lọ́rùn, tí yóò di irun rẹ̀ mú, tí yóò sì máa fi lu ẹni tó bá pàdé. Ó fi orí náà sọ̀kò sí mi, mo tẹ̀, orí lọ gbá ìrókò, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí gbirigbiri wá sí ẹsẹ̀ mi. Mo bá jókòó lé e. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdí mi, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìdí kékeré.

Ara ìwin náà ń táràrà kiri, ó ń forí tí kò ní gbá igi. Orí sì ń ké lábẹ́ mi: "Ọdẹ, dìde! Mi ò lè mí!"

Mo ní, "Ta ló ní kí o gbé imú rẹ wá síbẹ̀?"

Ó bẹ̀ mí títí. Ó ní òun yóò júwe Ẹwà-Ẹ̀sìn fún mi. Ó ní, "Máa tẹ̀lé odò yìí. Bí o bá ti ń gbọ́ àdúrà tó pọ̀ ju etí tó lè gbọ́ ọ lọ, o ti dé. Ṣùgbọ́n má dúró sẹ́yìn ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bí o kò bá fẹ́ kí inú rẹ bàjẹ́."

Mo dìde, mo bá a gbé orí rẹ̀ padà sọ́rùn. Pẹ̀lú ìkánjú, mo fi ojú rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá pàdé ìwin tó ń wo ibi tó ti ń bọ̀ bó ṣe ń lọ, ẹ bá mi kí i.

Nígbà tí mo dé ẹnubodè Ẹwà-Ẹ̀sìn, oníbodè kan tó wọ aṣọ funfun gbòò dá mi dúró. Ó ní ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè òun kò ní wọlé. Ó ní, "Kí ni ènìyàn lè fún Ọlọ́run láràárọ̀, tí ohunkóhun kò ní dín nínú ilé rẹ̀?"

Mo ronú. Mo rántí ìlú wa. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu ni."

Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ara wa ni ọ́! Àlàáfíà fún ọ, arákùnrin mi, àlàáfíà fún ìbọn rẹ." Ó yí padà láti ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu kejì ni mo rí ní ìpàkọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ètè, pẹ̀lú eyín. Ẹnu ọ̀hún sì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ wo bó ṣe rí. Eléyìí máa jẹun ju ẹṣin lọ."

Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu iwájú ni wọ́n fi ń gbàdúrà tí wọ́n fi ń kíni, ẹnu ìpàkọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìyókù. Ìyá arúgbó kan súre fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Bó ṣe kọjá tán, mo gbọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń fi mí ré.

Wọ́n mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Olórí Oníwàásù wọn, Adùnúngbọ́, gun orí àga ìwàásù. Fìlà àṣẹ tó dé ga tó agbọ̀n adìyẹ. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wàásù bí Adùnúngbọ́ kò bá fi irú fìlà bẹ́ẹ̀ dé e lórí, kò sì ní fi dé e bí kò bá kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù náà, kó yọ gbogbo ibi tó lè jí ènìyàn kúrò níbẹ̀. Ohùn Adùnúngbọ́ dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Kó tó ka ẹsẹ ìwé tán, gbogbo ìjọ ti ń hanrun. Oorun ni ẹ̀rí níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wọ ènìyàn lára. Ẹni tó bá tètè sùn ni wọ́n ń fi jẹ alàgbà. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá là títí ìwàásù fi parí, wọn á bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ń dà á láàmú.

Èmi tí mo fi ojú lílà ṣọ́ ẹkùn, mo sùn. Bí n kò bá purọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di alàgbà.

Ohùn kan ló jí mi. Ó le, ó há, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ayùn rẹ́ irin. Láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń wá. Mo yọ́ jáde. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo rí, pẹ̀lú fèrèsé kékeré kan tí wọ́n fi irin dábùú. Àwọn alágbàfọ̀, àwọn aroko àti àwọn apọnmi jókòó sílẹ̀ níwájú fèrèsé náà, kò sí ẹni tó ń sùn nínú wọn. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí iná ti jó ọwọ́ rẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, ó ń hun apẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ ìtàn. Lámbẹ́, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n náà, fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé itan, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Nígbà tí ọkùnrin inú ẹ̀wọ̀n náà yí padà láti mú okùn, mo rí ìpàkọ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi okùn awọ rán ẹnu tó wà níbẹ̀ pa.

Mo bi obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Òun fúnra rẹ̀ ni. Ọkọ mi ni. Hágáì lorúkọ rẹ̀, èmi ni Mọladùn." Òun náà ń hun apẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ ṣe ń hun tirẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ni ìyàwó ń hun tirẹ̀ níta, torí òun ni wọ́n fi ń jẹun.

Ó ní, "Ọ̀gá ọdẹ, ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn. Kò sí ẹnu ìpàkọ́ tó burú tó tirẹ̀ ní ìlú yìí tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn a gbé iṣu wá kó lè bá wọn ṣépè fún aládùúgbò wọn. Lọ́jọ́ kan, ìkòkò kan kò gbà kó dí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ìkòkò, títí èpè rẹ̀ fi kan Ọlọ́run. Ló bá dákẹ́. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ẹ̀rù ń bà á. Bí ewé bá já, a ní ìdájọ́ dé. Bí ewúrẹ́ bá sín, a kúnlẹ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Mo ti ń wá ibi tí n ó gbé e lọ."

Mo ní, "Kí ló wá wò ó sàn?"

"Ìkòkò náà ni. Ó gbé ìkòkò kan sókè sí oòrùn láti wo ibi tó jò, ìmọ́lẹ̀ gba ojú ihò náà wọlé bá a lójú. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sunkún. Ó ní, 'Mọladùn, mo ti ń bẹ̀rù pé Ọlọ́run ti jù mí nù nítorí pé mo jò. Wò ó, ìkòkò yìí jò, ìdí nìyẹn tó fi wà lọ́wọ́ mi.' Ọjọ́ yẹn ló mú abẹ́rẹ́ awọ, tó rán ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ẹnu kan tó fún òun. Níbikíbi tó bá ti ń tún ìkòkò ṣe ló ti ń wàásù. Wọ́n ní kó wá gba fìlà, ó ní orí òun kò tutù. Ni wọ́n bá tì í mọ́lé."

Inú mi dùn. Mo ní ojúlówó tí Kábíyèsí rán mi nìyí. Nígbà tí àwọn ènìyàn túká, mo sún mọ́ fèrèsé, mo ní, "Bàbá Hágáì, ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú wa. Àga ìwàásù wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò gbó."

Lámbẹ́ gbọ́. Ó dìde, ó na ara, ó ní, "Òùngbẹ ń gbẹ mí. Odò ni mo ń lọ mumi, odò tó jìnnà. Ẹ sì jọ̀ọ́, ìdè ilẹ̀kùn yìí ti já, mo ń fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀." Ó fi gbogbo ara ti ilẹ̀kùn náà, ó ṣí gbayawu, ó sì lọ.

Hágáì jáde sí ẹnu ọ̀nà. Mọladùn ti ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ti na ọwọ́. Ọkùnrin náà wo ìdè tó já, ó fọwọ́ tọ́ ọ wò, ó ní kí n bá òun mú òòlù tó wà nínú àpò ìyàwó òun. Mo rò pé ó fẹ́ mú un lọ́wọ́ lọ ni, mo fún un. Àṣé iṣẹ́ ni. Ó tún ìdè ilẹ̀kùn ṣe, ó fi òróró díẹ̀ sí i, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Mọladùn pariwo: "Hágáì! Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn, ìwọ tì í?"

Ó ní, "Mọladùn, má bínú. Bí mo bá sá lọ, wọn á ní olè ni mí. Kí ẹni tó tì mí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i."

"Ṣé ohun tí n ó sọ fún ebi nìyẹn bó bá dé lọ́la?"

 Hágáì na ọwọ́ jáde láàárín irin. Mọladùn wo ọwọ́ náà, kò gbà á. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó hun ún títí ó fi dé etí, kó tó wá fi ọwọ́ tirẹ̀ kan ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n, n kò mọ ibi tí n ó wò.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé iwájú ọba wọn, Ọba Ajíṣefínní. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọn yóò lé e wọ Igbó Aláriwo láìní ohun ìjà, ẹ sì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Adùnúngbọ́ ló ro ẹjọ́. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ Hágáì jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, ó wàásù láìdé fìlà. Èkejì, láti ojú fèrèsé, ó ń sọ ìtàn opó kan tó ń lọ pọn omi ìyè ní ìsun kan, ó sì ń fi àwọn tí opó náà pàdé lójú ọ̀nà bú àwọn ènìyàn ńlá.

Ọba ní, "Àwọn wo ló pàdé?"

Adùnúngbọ́ ní, "Ó pàdé Adájọ́ Elétí-Kan, tó jẹ́ pé ẹjọ́ ẹni tó bá gbé ẹran wá nìkan ló ń gbọ́."

Adájọ́ àgbà fò dìde: "Kábíyèsí, èmi ni! Èmi ló ń bú!"

"Ó pàdé Olóyè Jẹ́-N-Bá-Ẹ-Mú-Un, tó ní òun fẹ́ bá opó gbé ìkòkò, tó sì gbé e lọ sílé."

Ọ̀tún ọba náà dìde: "Èmi ni! Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé èmi ni!"

"Ó tún pàdé Onífìlà-Gíga, tó ní kí opó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí fìlà òun kó tó rí ọ̀nà kọjá." Adùnúngbọ́ gbá àyà. "Kábíyèsí, ta tún ni bí kò ṣe èmi?"

Àwọn apọnmi tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹnu wọn, iwájú àti ẹ̀yìn.

Ọba ní, "Hágáì, ta lo ń bá wí?"

Hágáì ní, "Kábíyèsí, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mò ń wá àwọn tí n ó fi sójú ọ̀nà opó náà, n kò lọ jìnnà. Inú ara mi ni mo wò. Mo ti gba iṣu kí n tó dá aládùúgbò mi lẹ́bi rí. Mo ti gbé ohun tí kì í ṣe tèmi rí. Mo ti fẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ kí mi rí. Bí àwọn bàbá wọ̀nyí bá ní àwọn ni, a jẹ́ pé a ti gbé inú ilé kan náà."

 Ọba fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ọba kan wà nínú ìtàn ọ̀hún. Wọ́n ní ó ń sùn lójú fèrèsé ààfin nígbà tí wọ́n ń fìyà jẹ opó lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olóyè mi, ta ni ọba yẹn?"

Àwọn olóyè dọ̀bálẹ̀. Ẹnu iwájú wọn ní, "A kò mọ̀ ọ́n, Kábíyèsí."

Ẹnu ìpàkọ́ wọn pa pọ̀, ó ní, "Ìwọ ni!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò tíì rí ibi tí àwọn àgbàlagbà ti fi ọwọ́ gbá ìpàkọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀ rí. Ọba kò bínú. Ìyẹn ló bà wọ́n lẹ́rù jù. Ó ní, "Hágáì, n kò ní lé ọ wọ igbó. Ṣèlérí kan ṣoṣo fún mi, pé o kò ní wàásù mọ́. Máa mú ìyàwó rẹ lọ sílé nísinsìnyí."

Hágáì wo Mọladùn. Mo rí i pé ó rẹ̀ ẹ́. Mo rí i pé ó fẹ́ lọ sílé.

Mọladùn ní, "Má wò mí. Bí o bá ṣe ìlérí yìí nítorí mi, èmi ni wàá máa wò bí ẹni tó di ẹnu rẹ, ní gbogbo ọjọ́ tí a bá fi wà láyé. N kò fẹ́ irú ọkọ bẹ́ẹ̀ nílé." 

Hágáì ní, "Kábíyèsí, n ó sanwó orí, n ó tún ìkòkò ààfin ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní n ó dákẹ́, irọ́ ni mo pa, mo sì ti rán ẹnu tí mo fi ń purọ́."

Wọ́n dá a padà sẹ́wọ̀n.

Láti ọjọ́ náà, Ọba Ajíṣefínní kò rí oorun sùn mọ́. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Adùnúngbọ́ da oyin sí ohùn rẹ̀, gbogbo ìjọ hanrun, ojú ọba là kedere. Wọ́n gbé àga rẹ̀ súnmọ́ oníwàásù, kò sùn. Ẹnu ìpàkọ́ tirẹ̀ gan-an ló ń bi í pé, "Opó yẹn ńkọ́?" Ẹ̀rù sì ń ba àwọn alàgbà, torí bí ọba kò bá sùn, ta ni yóò sọ pé òun gba ọ̀rọ̀?

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, mo jókòó pẹ̀lú Mọladùn lábẹ́ fèrèsé nígbà tí ọba fi ẹsẹ̀ rìn wá, láìdé adé, láìsí ẹmẹ̀wà kankan. Mo dọ̀bálẹ̀, Mọladùn kúnlẹ̀, ọba kò wò wá. Ó ní, "Hágáì, ṣé opó yẹn dé ìsun omi náà?"

Hágáì ní, "Kò tíì dé, Kábíyèsí. Abẹ́ ààfin ni mo fi í sí. Kò lè kọjá, àfi bí ọba bá jí."

Ọba wo ilẹ̀kùn náà. Oòrùn ń pa á lórí. Níkẹyìn ó ní, "Lámbẹ́, ṣílẹ̀kùn."

Lámbẹ́ ní, "Kábíyèsí, ṣé kó kọ́kọ́ ṣèlérí?"

Ọba ní, "Ṣé o gbọ́ ìlérí lẹ́nu mi?" Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣòro fún un díẹ̀, torí ọba kì í ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí i.

Hágáì jẹun nílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wàásù lójúde. Ìdajì ìlú wá gbọ́ ọ, ìdajì yòókù lọ bẹ ọba pé kó tún tì í mọ́lé. Ọba ní òun ń gbọ́ ìtàn lọ́wọ́, kí wọ́n padà wá.

Mo ní, "Bàbá Hágáì, ó yá, ká lọ. Kábíyèsí wa ń retí yín."

Ó wo èmi àti ìbọn mi. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, láti ìgbà tí o ti dé, o kò dákẹ́ rí. O sọ ti erin, o sọ ti ẹfọ̀n, o sọ ti ìwin tí o jókòó lé lórí, gbogbo wa sì ń gbọ́. Kí lo fẹ́ fi ẹnu tèmi ṣe?"

Bí mo ṣe padà sílé ní ọwọ́ òfo nìyẹn. Mo ròyìn fún Ọba Adérọ̀gbà. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ó dára. Ìwọ ni yóò wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi."

Mo ní, "Kábíyèsí, èmi?"

Ó ní, "Ìwọ. Má sì sọ̀rọ̀ erin."

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ rí mi lórí àga ìwàásù. N kò mọ ìwé púpọ̀. Mo sáà sọ ti ọkùnrin kan tó máa ń ti pèrègún ààlà oko rẹ̀ wọ oko aládùúgbò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, tí yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé oko òun ń gbòòrò. N kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí olóògbé Olóyè Ọ̀dọ̀fin, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, fi fò dìde lórí tìmùtìmù.

"Ọdẹ́rìndé! Ṣé èmi lò ń bá wí?"

Mo ní, "Ẹ jókòó, bàbá. Ọkùnrin tí mo wí kò lórúkọ."

Kò jókòó. Ó kó agbádá rẹ̀ jọ, ó jáde. Mo rò pé ọlọ́pàá ló lọ pè. Mo tilẹ̀ ti ń ronú ohun tí ìyàwó mi yóò máa hun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gba ọ̀nà oko lọ, mo rí Ọ̀dọ̀fin níbi ààlà. Òun nìkan ni. Ó ti bọ́ agbádá, ó ń fi ọkọ́ hú pèrègún, ó ń gbé wọn padà sẹ́yìn, òógùn ti bò ó. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

Ó ní, "Má rò pé nítorí ọ̀rọ̀ rẹ ni o. Àwọn igi yìí ló wọ́."

Mo ní, "Mo gbà, bàbá." Mo gbé ìbọn mi sílẹ̀, mo bá a di èyí tó wúwo mú.